Àpótí Tó Wà Láàárín Ẹnu àti Àwo

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Mo yọ ikọ́ àti ìkólòlò mi kúrò. Gbogbo ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹ̀rọ kan lábẹ́lẹ̀, aládùúgbò mi ló ń lọ ata.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì yìí, ìbéèrè kan wà tí ẹ ń bi mí ju gbogbo ìbéèrè lọ, kì í sì í ṣe ti ìtàn rárá. Ẹ máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, sáǹdù káàdì wo ni kí n rà?" Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń kọ orin nínú yàrá rẹ̀ ní Under-G bi mí. Olórí akọrin ìjọ kan ní Ọ̀yọ́ bi mí. Akéwì kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán bi mí. Ohun tí gbogbo yín ń béèrè ni àpótí kékeré tí a ń ki wáyà máìkì bọ̀, tí òun náà sì ń wọ inú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń kọ audio interface sí lára páálí rẹ̀.

Mo lè dáhùn ní ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n ètò ìtàn ni ètò yìí, ìtàn ni mo sì fẹ́ fi dáhùn. Àpótí yẹn ní bàbá, ó sì ní bàbá àgbà. Àwọn bàbá rẹ̀ ló pinnu èyí tó kù fún wa nínú ohùn àwọn bàbá tiwa.

Kí n tó gbé yín lọ sí London ní 1922, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ti wá, ibẹ̀ náà ni mo sì ti lọ sí yunifásítì. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ní Òkè-Ẹlẹ́rìn. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, rárà ìyàwó ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ará ìhà ibí mọ ohun tí mò ń sọ: ewì tí ọmọbìnrin máa ń sun lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, tó fi ń dágbére fún bàbá àti ìyá, tó fi ń tọrọ ìwúre, tó sì fi ń sọ ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹkún ìyàwó. Ìyàwó ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ sun ún mọ́. DJ ló ń bá wọn dágbére.

Ní oṣù Kejìlá 2021, mo gbé sáǹdù káàdì mi àkọ́kọ́ lọ bá Ìyá àgbà. Ó kéré, ó ń tan iná pupa, ó ń tan iná àwọ̀ ewé, ó ní bọ́tìnnì tó ń rẹ́rìn-ín àti bọ́tìnnì tó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe live lórí fóònù ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Kò sí ohun tó ṣe àpótí náà o. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò.

Mo gbé máìkì síwájú wọn, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n kì mí ní oríkì mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́. Mo yí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ gain sí lára, mo yí i sókè títí tí ohùn jẹ́jẹ́ yẹn fi kún dáadáa. Mo wá ní, "Ìyá, ẹ máa sun ún wàyí."

Ẹni tó bá mọ rárà mọ̀ pé wọn kì í sun ún bí ẹni ń kíni. Ohùn máa ń gòkè, ó máa ń fà gbọọrọ, ó tún máa ń wálẹ̀ lójijì. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbé ohùn sókè bí ọmọ ogún ọdún. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá mi bú sẹ́kún. Iná pupa ń tàn lára àpótí mi láìdákẹ́, mo sì rò pé ara ẹwà rẹ̀ ni. N kò fi hẹ́dífóònù sétí, nítorí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ṣe nǹkan mìíràn nígbà tí Ìyá àgbà ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀yọ́ ni mo dé kí n tó gbọ́ ọ. Oríkì mi mọ́ kedere. Rárà náà ti fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Mo ní kò burú, pé màá padà lọ lẹ́yìn ọdún tuntun. Ní oṣù Kẹta 2022, Ìyá àgbà papòdà.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi lónìí ni ìkíni ìṣẹ́jú méjì àti ariwo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í dáhùn ìbéèrè yín ní kíákíá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́ gain

Ní 1877 ni Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tó sì tún un sọ jáde. Kò pẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 1909, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan tó ń jẹ́ Northcote Thomas gbé e káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀dó, lẹ́yìn náà ilẹ̀ Ìgbò, ó ń gba orin àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sára ìda. Àwọn ohùn náà ṣì wà ní London títí dòní.

Ti àwa Yorùbá tó lókìkí jù nínú àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ ni ti Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. Ní 1922, ní London, ó kọ orin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone.

Ẹ fojú inú wo ibi tó ti kọrin náà. Kò sí máìkì níbẹ̀. Ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máìkì àti iná mọ̀nàmọ́ná gba ohùn. Ìwo ńlá ni wọ́n ń gbé síwájú akọrin. Ohùn á gba ẹnu ìwo wọlé, á mi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, awọ á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì máa fa ìlà sára ìda tó ń yí. Agbára ọ̀fun ènìyàn nìkan ló ń gbẹ́ àwo.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mú ohùn lọ sókè tàbí wálẹ̀? Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá tínrín á sún mọ́ ìwo. Ẹni tí tirẹ̀ bá le á fà sẹ́yìn. Nígbà tí akọrin bá fẹ́ ké, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ènìyàn ni gain ayé ìgbà náà.

Ìwo yẹn kì í sì í gbọ́ gbogbo ohùn. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í gbà á, èyí tó bá ga jù kì í gbà á. Àwo oníníńṣì mẹ́wàá kan kì í sì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Ká ní Ìyá àgbà mi bá wọn lọ sí ibẹ̀, rárà ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà ì bá gba ojú àwo mẹ́rin, wọn ì bá sì dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ẹkún. Àwọn ẹ̀yà ewì wa tó gùn, tí kò ní ibi ìdúró, kò rí àyè nínú àpótí ìgbà náà. Orin ìjọ tó ní ẹsẹ kúkúrú rí àyè. Ẹ̀rọ ló ń yan èyí tí yóò kù, àwa kọ́ la sì ń yan ẹ̀rọ.

Gángan wọlé

Máìkì yí nǹkan padà. Ní 1936, Túndé King, ọmọ Èkó tó sọ orin jùjú di olókìkí, ṣe àwo fún Parlophone. Ní 1937, Àyìndé Bákàrè náà ṣe tirẹ̀ fún HMV. Bí ẹ bá gbọ́ jùjú àkókò náà, ẹ ó gbọ́ ohun èlò olókùn kan, ẹ ó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ tanboríìnì. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ kò ní gbọ́.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ gángan. Gángan máa ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀ ni, á sì bo gìtá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1948, Akanbi Wright, tí wọ́n tún ń pè ní Akanbi Ẹ̀gẹ́, mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni máìkì àti ampilifáyà tó ń dé Èkó lẹ́yìn ogun. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gbé ohùn akọrin àti ti gìtá sókè, ìlù lè wá máa sọ ti ẹnu rẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ẹ kíyè sí i: wáyà kan àti bọ́tìnnì kan ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù àwọn baba wa láti wọ inú orin ìgbàlódé.

Lẹ́yìn náà ni téèpù dé. Àwọn òbí wa àgbà ti mọ Rediffusion, asọ̀rọ̀mágbèsì, tó dé Èkó ní 1935 tó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú téèpù, ilé-iṣẹ́ rédíò lè gbé ẹ̀rọ lọ bá ewì níbi tí ewì wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ara àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ọmọ Ọ̀yọ́ wa, Bàbá Adébáyọ̀ Fálétí, tí wọ́n padà wá di olórí ilé-iṣẹ́ BCOS. Akéwì ni wọ́n, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, Ògúndáre Fọ́yánmu gbé ìjálá láti inú igbó ọdẹ wọ inú àwo. Nígbà tí àwo ńlá tó ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan ti dé, ìjálá lè fẹsẹ̀ rìn bó ṣe ń rìn.

Téèpù ní àlébù tirẹ̀: ó ṣeé pa rẹ́. Ó wọ́n, nítorí náà kárí ayé ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ti ń gba ohùn tuntun sórí ohùn àtijọ́. Ohùn tí ẹnì kan kò kà sí lónìí lè jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò máa wá lọ́la.

Ọdún 1979

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló ni púpọ̀ nínú àwọn àpótí. Ní 1973, Paul McCartney wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sítúdíò EMI ní Èkó láti ṣe púpọ̀ nínú àwo Band on the Run. Ẹ̀rọ oní-track mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn mẹ́jọ lè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí téèpù kan. Ẹni tí kò bá ti gba ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá nígbà náà, kò rọrùn fún un láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú àwo.

Àwọn tiwa kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba àpàlà, àti I.K. Dáíró, ọba jùjú, pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ́ olówó orin. Àwọn akéwì náà ṣe tiwọn: Láńrewájú Adépọ̀jù ní Lanrad, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ sì ní Olatubosun Records. Ní 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́ sítúdíò oní-track 24 sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe London. Ó gbé àpótí wá sí ìtòsí ẹnu.

Ní ọdún 1979 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ TEAC ní Japan gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Portastudio. Kásẹ́ẹ̀tì lásán, irú èyí tí Philips mú jáde ní 1963, ni wọ́n fi ń gba track mẹ́rin. Ènìyàn lè gbé e sórí tábìlì nínú yàrá. Mo máa ń ro ọdún náà dáadáa. Hárúnà fi owó ńlá kọ́ ilé fún ohùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní òdìkejì ayé, àwọn kan ti ń sọ ilé náà di ohun tí a lè gbé lọ́wọ́. Àpótí tó wà lórí tábìlì yín lónìí, ọmọ ọdún 1979 ni lójú méjèèjì.

Ohun tí àpótí náà ń ṣe gan-an

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohùn, ìṣirò ló mọ̀. Nígbà tí CD dé ní 1982, wọ́n ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ yóò máa wo ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì máa kọ iye gíga rẹ̀ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ni sáǹdù káàdì ń ṣe. Àkọ́kọ́, yóò gbé ohùn máìkì, tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, sókè. Ìkejì, yóò kà á, yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ìkẹta, yóò dá a padà sí etí yín.

Iṣẹ́ kejì ni mo kùnà sí. Ẹ fojú inú wo àtẹ̀gùn tó lọ dé òrùlé. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sórí ìsísẹ̀ kan. Ohùn tó bá ga ju òrùlé lọ kò ní ìsísẹ̀ tí yóò dúró sí, orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò gé. Téèpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Téèpù dà bí amọ̀: bí ohùn bá pọ̀ jù, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbà mìíràn kódà á dùn sí i. Àwọn àgbà tó fi téèpù ṣiṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe kékeré kí ayé má mọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í forí ji ènìyàn. Àwọn ètò kan wà tó ń díbọ́n tún ohùn tó fọ́ ṣe, mo ti gbìyànjú wọn. Àfọwọ́rọ ni wọ́n ń fi sí ibi tí orí wà. Kì í ṣe ohùn Ìyá àgbà mi.

Iná pupa tí mo pè ní ẹwà, òun ló ń sọ fún mi pé òrùlé ti kan orí.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Ó yá, ẹ mú bírò.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ohùn mélòó ni ẹ fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ka ewì tàbí tó ń dá kọrin, ojú ihò máìkì kan tó o. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, mo gba ohùn àwọn àyàn mẹ́rin sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣaájú àti gúdúgúdú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, máìkì kan ni mo ní, mo sì ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe ní 1922: mo ní kí onígúdúgúdú lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí oníyàáàlù sún mọ́ mi. Ó gbọ́ra, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlù kò yọ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, mo yá àpótí olójú méjì. Máìkì kan wà fún ìyáàlù nìkan, ọ̀kan fún àwọn tó kù. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Bí a kò bá gbọ́ ohun tó sọ, ariwo ijó lásán la gbà sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ìlù, tàbí ẹ fẹ́ jókòó bá àgbà kan sọ̀rọ̀ kí ohùn ẹni méjèèjì wà lọ́tọ̀, ojú méjì ni kí ẹ rà.

Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ẹ ó rí 48V. Máìkì tí wọ́n ń pè ní condenser kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ láìsí iná yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní dynamic, bíi Shure SM58 tó ti wà láti 1966, tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn oníwàásù, kò nílò rẹ̀. Ní ilé wa, níbi tí àkùkọ, mọ́tò àti ẹ̀rọ ata ti ń dún, dynamic máa ń sàn jù fún olùbẹ̀rẹ̀, torí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbọ́ jù. Àmọ́ ó fẹ́ àpótí tí gain rẹ̀ lágbára.

Ẹ rí i dájú pé ó ń kọ 24-bit. Òǹkà àtẹ̀gùn nìyẹn. CD ní ìsísẹ̀ 65,536, 24-bit ní ju mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹ lè mú gain wálẹ̀ kí àyè púpọ̀ wà lókè, láìjẹ́ pé ariwo abẹ́lẹ̀ yóò gbé ohùn mì. Kò sí ìdí láti máa lé ohùn dé òrùlé mọ́. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú ohùn máa kan nǹkan bíi -12 lórí ìwọ̀n kọ̀ǹpútà.

Ó gbọ́dọ̀ ní ihò hẹ́dífóònù, kí ẹ sì lè gbọ́ ohùn tààrà láti inú àpótí kó tó lọ rìn nínú kọ̀ǹpútà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ ara yín lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni tó ń pariwo sínú àfonífojì. Ẹ fi hẹ́dífóònù sétí o. Ẹ sọ fún àgbà tó wà níwájú yín pé iṣẹ́ ni, wọn yóò yé yín.

Ẹ ra èyí tó ń gba iná láti inú USB kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù yín yóò gbé méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn kan tó ń hùn lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo náà á bá a lọ.

Ẹ má fi bọ́tìnnì tó ń pàtẹ́wọ́ ṣe ìdí tí ẹ fi ra ohunkóhun. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó ń tún ohùn ṣe fúnra rẹ̀. Ó ń fa ohùn sí orí àtẹ̀ orin, èdè tiwa sì ni èdè olóhùn. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ohùn akéwì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè torí kó lè dùn, ó ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nìyẹn, aláwo kò sì ní mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ, Focusrite Scarlett Solo ní ojú máìkì kan, Scarlett 2i2 ní méjì, Behringer UMC202HD náà ní méjì. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní owó láti dárúkọ wọn. Tokunbọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti máìkì yín dání, ẹ fi gbogbo ihò rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bí owó kò bá sì tó, ẹ fi fóònù yín ṣe é. Fóònù máa ń dín ohùn kù fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ga jù. Ká ní fóònù nìkan ni mo gbé kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2021, rárà Ìyá àgbà ì bá wà lọ́wọ́ mi lónìí.

Kí n tó lọ

Láti 1922 títí dé ayé Hárúnà, ẹlòmíràn ló ń yan àpótí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ohùn kan bá sọnù, a lè ní òyìnbó ni kò fún un láyè, ìwo ni kò gbọ́ ọ, àwo ni kò gùn tó, téèpù ni wọ́n pa rẹ́. Àwa ìran yìí kò ní àwáwí yẹn. Àwa la yan àpótí, ọwọ́ wa ló wà lórí bọ́tìnnì.

Ìyá àgbà mi ní àbúrò kan tó ṣì wà láyé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé àpótí olójú méjì lọ bá wọn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ẹni tó wà ní òdìkejì títì yẹn." Wọ́n wò mí bíi pé orí mi kò pé. Wọ́n wá fi gbogbo agbára pe ìyá elékuru tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni mo ti yí gain wálẹ̀. Ìyá elékuru sì wá, ó rò pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan, a sì ra ẹ̀kuru.

Àbúrò Ìyá àgbà kò rántí ju bí ìdajì rárà náà lọ. Ìdajì náà kò fọ́.

Bí àgbà kan bá wà nílé yín tó mọ nǹkan tí ẹ̀yin kò mọ̀, ẹ má dúró de àpótí tó dára jù. Ẹ lọ ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pariwo.